Bí Mo Ṣe Dé Ìlú Akùnsínú Nítorí Àwẹ̀ró Ìyàwó Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń bó ẹ̀gúsí lábẹ́ ọ̀dán yìí, ẹ má dáwọ́ dúró nítorí tèmi. Ọwọ́ ni kí ẹ fi bó ẹ̀gúsí, etí ni kí ẹ yá mi. Ẹni tí kò bá gba ìtàn mi gbọ́, kí ó kó tirẹ̀ kí ó máa lọ sílé, n kò ní bínú, nítorí mo ti kúrò lẹ́ni tí ń bínú. Èmi Ọdẹ́jìnmí tí ẹ rí yìí, tí eyín ẹnu mi ku mẹ́fà, tí mo sì ń fi ọ̀pá rìn, èmi kan náà ni erin máa ń rí lókèèrè tí í fi í yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Èmi ni mo fi ọfà kan ṣoṣo pa ẹfọ̀n méjì: ọ̀kan kú nítorí ọfà, èkejì kú nítorí ìtìjú. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín tó bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gúsí yín dà nù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kì í sọ mọ́. Akùnsínú ni ọ̀rọ̀ náà. Lánàá ni mo gbọ́ tí ìyá kan ń pe ọmọ rẹ̀ ní oníráhùn, mo sì gbọ́ tí ẹlòmíràn ń pe aládùúgbò rẹ̀ ní aláròyé, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti gbọ́ akùnsínú lẹ́nu èèyàn kẹ́yìn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò ṣọ̀wọ́n rárá. Bàbá mi a máa fi ki ìmàdò nínú ìjálá, nítorí ìmàdò kì í jẹun láìkùn:

Ìmàdò akùnsínú, eléyín gígùn inú ẹrẹ̀,
Ó jẹ iṣu olóko tán, ó ní kò dùn;
Ó mu omi odò tán, ó ní ó tutù jù;
Ọdẹ yọjú sí i nínú igbó,
Ó ní, "Ìwọ náà tún dé?"

Àwọn ìyàwó tuntun a máa lò ó nínú ẹkún ìyàwó, wọn a máa bẹ orí wọn pé kí ó má fi àwọn lé ọkọ akùnsínú lọ́wọ́. Àwọn àgbà obìnrin a máa fi pe ọkọ wọn lẹ́yìn, wọn a sì fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Mo mọ gbogbo lílò wọ̀nyí dáadáa. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé èmi gan-an ni wọ́n ń bá wí.

Mo fẹ́ Àwẹ̀ró, ọmọ Ọ̀jẹ́lékè ará Òkè-Ìtàpá, lọ́dún tí eṣú jẹ àgbàdo wa tán. Obìnrin yìí mọ oúnjẹ sè, ó mọ ilé tọ́jú. Ẹnu rẹ̀ mú díẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ mọ́. Ọmọbìnrin kan la bí, Ìbídùn lorúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́rin la fi wà pọ̀, ọdún mẹ́rin náà ni mo sì fi kùn. N kì í pariwo o, n kì í sì í fọwọ́ kàn án. Bó bá ti gbé iyán síwájú mi, n ó wò ó, n ó sì ṣe "hùn-ùn-ùn" lọ́nà ọ̀fun. Á ní, "Bàbá Ìbídùn, kí ló dé?" N ó ní, "Kò sí nǹkan kan." Bó bá tẹ́ ẹní fún mi, hùn-ùn-ùn. Bí kò bá tẹ́ ẹ, hùn-ùn-ùn. Bó bá bi mí, kò sí nǹkan kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ti ìgbẹ́ dé lọ́wọ́ òfo, ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún mi, mo wò ó, mo kùn. Ó ní, "Kí ló dé?" Mo ní, "Kò sí nǹkan kan." Ó ní, "Ó dáa. Èmi náà, kò sí nǹkan kan." Ó pọn Ìbídùn, ó di ẹrù rẹ̀ sínú agbọ̀n, ó sì gba ilé baba rẹ̀ lọ. Kò sunkún, kò sì bú mi. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù.

Mo fara dà á fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún àna mi níwájú ilé rẹ̀. Bàbá Ọ̀jẹ́lékè, ọ̀gá ni nínú àwọn tí ń pe iwì fún eégún, kò sí ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí kò sí lẹ́nu rẹ̀. Okùn ló ń lọ́ nígbà náà, kò sì dáwọ́ dúró.

Mo ní, "Bàbá, mo wá mú ìyàwó mi."

Ó ní, "Kí ló fi ṣe ọ́?"

"Kò fi nǹkan kan ṣe mí, bàbá."

"Kí wá lò ń kùn sí?"

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n "hùn-ùn-ùn" ló jáde. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀.

Ó ní, "Ọdẹ́jìnmí, láti ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń wá orúkọ tí n ó fi pè ọ́. Oníráhùn kọ́ ni ọ́, nítorí oníráhùn a máa sọ tirẹ̀ síta kí wọ́n lè bá a kẹ́dùn. Aláròyé kọ́ ni ọ́, nítorí aláròyé a máa to ẹjọ́ rẹ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń to igi ìdáná. Akùnsínú ni ọ́. Akùnsínú a máa se ọ̀rọ̀ sínú, a dé ìdérí mọ́ ọn pinpin, èéfín rẹ̀ ni yóò wá máa ta ẹni ẹlẹ́ni lójú. Bàbá mi ló lo ọ̀rọ̀ yìí kẹ́yìn nínú ilé wa, òun ló sì sọ fún mi pé ìlú wọn wà, lẹ́yìn Igbó Hùn-ùn. Lọ síbẹ̀. Bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fi ń wo àrùn yìí, kí o sì mú un wá fún mi."

Ó wá gbé ojú sókè wò mí. "Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló kù kí a jẹ iṣu tuntun. O kò ṣàì mọ ìṣe wa. Ilé tí obìnrin bá ti jẹ òkèlè iṣu tuntun àkọ́kọ́, ilé yẹn ni ilé rẹ̀. Bí Àwẹ̀ró bá jẹ ẹ́ níbí, ó ti padà di ọmọ mi nìyẹn, Ìbídùn náà sì di ọmọ ilé yìí. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè yí i padà."

Àwẹ̀ró wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Mo gbé ọrun àti apó mi, mo sì kọrí sí igbó.

N kò ní fi ìrìn ẹsẹ̀ dá yín lágara. Mo rìn títí ọ̀nà fi tán, mo tún rìn níbi tí kò sí ọ̀nà. Ní ọjọ́ kẹta mo wọ Igbó Hùn-ùn. Kò sí ẹyẹ níbẹ̀, kò sí ìjàpá, ṣùgbọ́n gbogbo igi ibẹ̀ ló ń kùn. Ìrókò ń kùn sí àràbà pé ó gba oòrùn òun, àràbà ń kùn sí ìtàkùn pé ó ń fún òun lọ́rùn, ìtàkùn ń kùn sí ilẹ̀. Bí mo ti ń lọ bẹ́ẹ̀, iwin kan dìde dúró níwájú mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí iwin olórí mẹ́ta, mo ti bá iwin ẹlẹ́sẹ̀ kan ta ayò, mo sì jẹ ẹ́. Èyí yàtọ̀. Orí rẹ̀ kò ju ọsàn lọ, kò sì ní ẹnu lójú. Ìkùn rẹ̀ ló tóbi bí àká àgbàdo, ẹnu rẹ̀ wà láàárín ìkùn náà, ó sì fi ìdérí ìkòkò dé e. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, yóò kọ́kọ́ ṣí ìdérí. Ẹnúníkùn ni orúkọ rẹ̀.

Ó ṣí ìdérí, ó ní, "Ta ló ń kùn bọ̀ nínú igbó mi, tó ń kùn ju èmi onígbó lọ?"

Mo ki ara mi fún un. Mo dárúkọ erin, mo dárúkọ ẹfọ̀n, mo sọ ti ẹkùn tó fi awọ ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n má bàa wá gbà á fúnra mi. Kò já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí ní tirẹ̀:

Akùnsínú, ọmọ a-jẹ-dídùn-má-yìn,
Ọmọ a-jẹ-kíkorò-má-tu.
Wọ́n ní ṣé o yó, o ní wọ́n ń bi ọ́ ni;
Wọ́n ní ṣé ebi ń pa ọ́, o ní wọn ì bá ti mọ̀.
Ìkùn rẹ kún, ẹnu rẹ gbẹ;
Wọlé, ará mi, ibí ni ilé rẹ.

Ó dùn mí pé iwin tí kò ní ẹnu lójú ń pè mí ní ará rẹ̀. Mo ní mo fẹ́ kọjá. Ó gbé agbọ̀n òfìfo kan fún mi, ó ní, "Ru èyí dé òpin igbó. Bó bá ń ni ọ́ lára, sọ fún mi. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí o bá kùn, òkúta kan yóò bọ́ sínú rẹ̀." Mo fi í ṣẹ̀sín nínú mi. Kí ni agbọ̀n òfìfo jẹ́ fún èmi tí mo ti ru àgbọ̀nrín méjì gun òkè?

A kò tíì rìn jìnnà tí ẹ̀gún fi gún mi lẹ́sẹ̀. Hùn-ùn-ùn. Gbì, òkúta kan bọ́ sí i. Ẹnúníkùn ṣí ìdérí, ó ní, "Kí ló dé?" Mo ní, "Kò sí nǹkan kan." Òkúta náà wúwo sí i. Mo kùn sí òkúta, òmíràn tún bọ́. Nígbà tí oòrùn fi dé àárín ọ̀run, ọrùn mi ti wọ inú èjìká, ẹni yìí sì ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń bi mí, "Kí ló dé?" Ẹ lè fi í ṣe ẹ̀rín, ṣùgbọ́n mo fi gbogbo ẹnu sọ fún yín pé ó rọrùn fún mi láti dojú kọ kìnnìún ju kí n sọ pé nǹkan ń dùn mí lọ. Ìgbà tí mo rí i pé n ó kú sábẹ́ agbọ̀n náà ni mo tó la ẹnu.

Mo ní, "Ẹrù yìí wúwo. Ó ń pa mí lọ́rùn, ó ti ń dùn mí láti àárọ̀, ìwọ sì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́wọ́ òfo, o kò bá mi ru ú."

Kí n tó pa ẹnu dé, gbogbo òkúta náà di àparò, wọ́n fò jáde nínú agbọ̀n, agbọ̀n sì fẹ́rẹ̀ fò tẹ̀ lé wọn. Ara mi fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi jó. Ẹnúníkùn náà rẹ́rìn-ín títí ìdérí rẹ̀ fi já bọ́.

Ó ní, "Ọ̀kan jáde. Mélòó ló kù?"

Mo ní, "Ó pọ̀."

"Èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá ńkọ́?"

Mo bi í léèrè ọ̀nà. Ó fi ọ̀nà hàn mí, ó sì padà sínú igbó rẹ̀.

Ọ̀nà náà kò gbé mi lọ tààrà sí ibi tí mò ń lọ. Ó kọ́kọ́ gbé mi gba Ìlú Oníráhùn kọjá. Láti ìbùsọ̀ méjì ni mo ti ń gbọ́ ariwo wọn. Níbẹ̀, bí ẹnì kan bá ní, "Ẹ káàárọ̀, eyín ń ro mí," ẹni tí wọ́n kí á ní, "Ẹ káàárọ̀, tèmi ti yọ." Ẹni tí ń pọn omi ń ráhùn pé odò jìnnà, ẹni tí ilé rẹ̀ wà létí odò ń ráhùn pé ọ̀pọ̀lọ́ ń ké. Mo ní hà, ibi tí ara ń gbé tuni rèé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí a ti ń la ẹnu, mo sì fẹ́ là á dáadáa.

Wọ́n ń díje ìráhùn láàárín ọjà lọ́jọ́ tí mo dé. Mo bọ́ síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni mo fi ráhùn, láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀. Mo ráhùn nípa iyọ̀, mo ráhùn nípa ẹní, mo ráhùn nípa àkùkọ aládùúgbò mi tí kò mọ àkókò, mo ráhùn nípa ẹ̀yìn tí ń yún mi níbi tí ọwọ́ kò tó. Ọdún mẹ́rin ni mo ti kó pa mọ́, ta ló fẹ́ bá mi díje? Wọ́n gbé mi sí èjìká, wọ́n ní èmi ni olórí wọn láti ọjọ́ náà lọ. Inú mi dùn. Mo yí sí ọkùnrin tó gbé ẹsẹ̀ mi òsì, mo ní, "Nínú gbogbo ohun tí mo sọ, èwo ló dùn ọ́ jù?"

Ó ní, "Ohun wo lo sọ? N kò gbọ́ o. Mò ń dúró kí ó kàn mí ni."

Mo bi ẹni tó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ohun kan náà ló sọ. Mo bi gbogbo ọjà. Kò sí ẹnì kan tó gbọ́ gbólóhùn kan nínú ọ̀rọ̀ mi. Nígbà náà ni mo rántí pé mo ti fi ọjọ́ mẹ́jọ ṣòfò ní ìlú yìí, tí ọjọ́ iṣu tuntun sì ń bọ̀ kánkán. Mo fẹ́ lọ, wọ́n ní olórí kì í kúrò nílùú. Mo bá dúró lẹ́nu ibodè, mo ní, "Ibodè yìí fún jù." Ni gbogbo ìlú bá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ní ó fún lóòótọ́, òmíràn ní ó gbòòrò jù, òmíràn ní wọn kò bi òun kí wọ́n tó mọ ọ́n. Wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ tí mo fi gba àárín wọn jáde, kò sì sí ẹni tó rí mi.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún mo dé Ìlú Akùnsínú. Ìlú náà mọ́ tónítóní, ó sì dákẹ́, àyàfi ìró kan tí ń dún bí ilé oyin. Gbogbo èèyàn ibẹ̀ ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú bí ẹni fi odindi iṣu sẹ́nu. Bí mo bá kí wọn, wọ́n á tẹrí ba. Bí mo bá ní, "Ṣé kò sí?" wọ́n á ní, "Kò sí nǹkan kan." Mo fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi, mo rí i pé ó ti ń wú díẹ̀díẹ̀.

Obìnrin ni ọba wọn, Adétóróyè ni orúkọ rẹ̀. Òun nìkan ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò wú ní gbogbo ìlú. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Kábíyèsí, àna mi ló rán mi. Ó ní kí n gba oògùn kíkùn-sínú lọ́wọ́ yín."

Ó wò mí tàánútàánú. Ó ní, "Ọdẹ, wo ọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn. Ọkọ mi ni, Láògún. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti ń kùn. Aráàlú rí i láàfin, wọ́n rò pé ìwà àwọn ọlọ́lá ni, gbogbo wọn bá ń kùn. Ìwọ mọ bí ó ti rí nínú ẹni tí ń kùn. Jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí fún ẹni tí wọ́n ń kùn sí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, n ó ní bóyá iyọ̀ ni. N ó dín iyọ̀ kù. Yóò kùn. N ó ní bóyá aṣọ tí mo wọ̀ ni. N ó pààrọ̀ aṣọ. Yóò kùn. Mo ti fi ọdún mẹ́wàá yẹ ara mi wò láti orí dé ẹsẹ̀, n kò mọ ohun tí mo ṣe. Ó rẹ̀ mí, ọdẹ."

Omi bọ́ lójú mi. Àwẹ̀ró ni mo rí. Mo rí i tó ń bu iyọ̀ tó ń yọ ọ́ kúrò, mo rí i tó ń tẹ́ ẹní tó ń ká a. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jẹ́ kí ó máa wá ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ kiri nínú ilé mi. Ojú ara mi tì mí.

Ọba ní, "Bí o bá lè mú kí ọkọ mi sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, n ó ṣe ohunkóhun tí o bá fẹ́ fún ọ. Bí o kò bá lè ṣe é, ilé kan ṣófo lẹ́yìn ààfin, nítorí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tìrẹ náà kò ní í pẹ́ wú tán."

Mo lọ jókòó ti Láògún. N kò bá a jà, n kò pe ọfọ̀ kankan. Mo fi ẹnu sí i létí, mo sọ ohun tí mò ń kùn sí fún un, èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, tí n kò sọ fún Ẹnúníkùn, tí n kò sì sọ ní ọjà Oníráhùn. N kò ní sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà báyìí, ẹ ní sùúrù. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ọkùnrin náà wò mí títí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbọ̀n. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

Ó ní, "Kábíyèsí, lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, ẹ gbé iwe adìẹ fún ẹ̀gbọ́n yín. Ọkọ ló ni iwe. Ẹ gbé e fún ẹ̀gbọ́n yín lójú gbogbo èèyàn mi."

Ọba fọwọ́ lérí. Ó ní, "Láògún, ológbò ló gbé iwe yẹn kí wọ́n tó bu ẹran. Ọrùn adìẹ ni mo fún ẹ̀gbọ́n mi. Ojú ń tì mí láti sọ fún yín pé ológbò ti jẹ ìpín yín, ni mo ṣe dákẹ́."

Láògún ní, "Ológbò?" Ó tún un sọ, "Ológbò." Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó wú sì rọlẹ̀. Ọba dì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún. Bí aráàlú ti gbọ́ pé iwe adìẹ ló fa gbogbo rẹ̀, ẹnu wọn là lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan sáré lọ bá aládùúgbò rẹ̀ nípa ọkọ́ tó yá lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, ẹnì kan lọ sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé orin tí wọ́n ń kọ láàárọ̀ ń kọ òun lóminú. Ẹ̀rín gba ìlú kan, wọ́n sì se oúnjẹ bí ẹni pé ọdún ni. Mo jẹ tèmi ní ìjẹ ọdẹ.

Mo ní, "Kábíyèsí, oògùn mi ńkọ́?"

Ó ní, "Ìwọ lo mú un wá fún wa, a kò ní òmíràn. Ohun tí o ó ṣe nìyí: sọ ọ́ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Bí o bá sì ti sọ ọ́ tán, dúró gbọ́ èsì. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ, wọ́n á sì yíjú padà."

Ọ̀la ni iṣu tuntun, ilé mi sì jìnnà. Ọba súfèé pe ìjì kan, ó gbé mi lé e lẹ́yìn. N kò mọ ìjì gùn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ̀ ọ́n gùn bí kò ṣe èmi? Ó gbé mi fò kọjá Ìlú Oníráhùn, mo gbọ́ tí wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ ibodè. Ìgbà tó ń gbé mi sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn odi Òkè-Ìtàpá, ó gbé mi gba inú igi ẹlẹ́gùn-ún kan, ẹ̀gún sì ya apá mi láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. N kò dúró wò ó. Mo sáré.

Ọ̀sán gangan ni. Gbogbo ilé Bàbá Ọ̀jẹ́lékè ti jókòó yí iyán tuntun ká. Àwẹ̀ró ti bu òkèlè, ó ti fi kan ọbẹ̀, ó ti ń gbé e bọ̀ lẹ́nu. Ó gbójú sókè, ó rí mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú rẹ̀ kò wá sí ojú mi. Ó lọ sí ọwọ́ mi, ó lọ sí èjìká mi, ó lọ sí ilẹ̀ lẹ́yìn mi. Ẹran ló ń wá.

Kíkùn náà gòkè dé ọ̀nà ọ̀fun mi bó ti máa ń ṣe. Mo la ẹnu mi kí ó má bàa dúró síbẹ̀.

Mo ní, "Àwẹ̀ró, kí o tó jẹ òkèlè yẹn, gbọ́ ohun tí mò ń kùn sí. Láti ọdún mẹ́rin, bí mo bá ti ìgbẹ́ dé, ẹran lo máa ń wò kí o tó wò mí. Ẹran lo máa ń fọwọ́ kàn kí o tó kí mi káàbọ̀. Bí mo bá dé lọ́wọ́ òfo, o máa ń wo ẹ̀yìn mi títí, bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Mo wá rò pé ẹran lo fẹ́, pé èmi kàn jẹ́ ẹni tí ń rù ú wálé ni. Kì í ṣe iyọ̀, kì í ṣe iyán, kì í ṣe ẹní. Ìyẹn ni. Ó dùn mí."

Mo sì dúró gbọ́ èsì. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ó pẹ́ ju gbogbo ìrìn-àjò náà lọ.

Àwẹ̀ró sọ òkèlè náà sílẹ̀ nínú àwo. Ohùn rẹ̀ kéré. Ó ní, "Bàbá Ìbídùn, kò sí ọjọ́ tí ẹ ti ìgbẹ́ dé tí kò sí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ yín. Bí mo bá rí ẹran, n ó sáré fọwọ́ kàn án, n ó wá ojú ọgbẹ́ rẹ̀, kí n lè mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ẹran ni. Bí n kò bá rí ẹran, n kò mọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́. Ẹ̀rù kì í jẹ́ kí n lè wo ojú yín títí n ó fi mọ̀. Mi ò sọ fún yín, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹ máa gbé ẹ̀rù tèmi lọ sínú igbó."

Ó dìde, ó wá síwájú mi, ó di apá mi tí ẹ̀gún ya mú. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ta nìyí?"

Mo ní, "Tèmi ni."

Ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún. Èmi tí ẹkùn fi awọ ránṣẹ́ sí, mo sunkún lójú àna mi, mo sì sun ún dáadáa.

Bàbá Ọ̀jẹ́lékè ní, "Ọdẹ́jìnmí, oògùn tí mo rán ọ ńkọ́?" Ṣùgbọ́n kí n tó dáhùn, Àwẹ̀ró ti da òkèlè rẹ̀ padà sórí iyán, ó ti gbé odindi ọpọ́n iyán náà lérí. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé Ìbídùn tẹ̀ lé wa." Baba náà ní, "Iyán mi lò ń gbé lọ yẹn, ebi sì ń pa mí." Ó sọ ọ́ síta, gbogbo wa gbọ́ ọ, a sì ní kí ó bá wa lọ. Báyìí ni gbogbo ilé àna mi ṣe tò tẹ̀ lé iyán dé ilé mi lọ́sàn-án gangan, tí a jẹ ẹ́ lójúde mi, tí Àwẹ̀ró sì gbé òkèlè àkọ́kọ́ mì níbi tó tọ́ sí i.

Mo pa ẹran títí mo fi darúgbó. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ń ti ìgbẹ́ bọ̀, n kì í jẹ́ kí ó rí mi kí n tó sọ̀rọ̀. Láti ìta gbangba ni n ó ti gbóhùn sókè pé, "Àwẹ̀ró, ẹ̀jẹ̀ ẹran ni o." Òun náà á sì dáhùn láti inú ilé pé, "Ẹ káàbọ̀."